Ààlè Àbẹ̀ẹ́kẹ́ Lórí Àpáta Pẹrẹsẹ

Kí bọ́ọ̀sì ọ̀sán tó kúrò ní Ìlobù lọ́jọ́bọ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ náà ṣì kéré, ó ṣì níwọ̀n. Wọ́n ní Àbẹ̀ẹ́kẹ́ oníláfún ti fi tòbí rẹ̀ de odò Erinlẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ awọnlẹ̀ kan sì ti kọjú sẹ́yìn. Nígbà tí bọ́ọ̀sì fi máa dé Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, awọnlẹ̀ ti di mẹ́rin, ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ wọn sì ti fọ́jú. Nígbà tó fi máa sọ èrò kalẹ̀ ní Òṣogbo, wọ́n ti pé mẹ́tàdínlógún, òyìnbó kan sì wà láàrin wọn tó jẹ́ pé láti ìgbà tó ti jáde nínú omi, kò gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ mọ́, àfi kó máa ké "Yéè, ìyá mi o!" bí ẹni tí wọ́n bí sí Ìfọ́n. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ní gáréèjì búra pé ìṣojú òun ló ṣe. Ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tí obìnrin yìí ti rí odò gbẹ̀yìn.

Ọdún 1995 ni. Epo mọ́tò wọ́n, iná mànàmáná wọ́n jù ú lọ, ṣùgbọ́n ìròyìn kò wọ́n rí ní ọ̀nà Ìfọ́n sí Òṣogbo. Ọkọ̀ tirẹ̀ kì í gbẹ epo.

Ká má parọ́ mọ́ àwọn òpùrọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó mọ ìdajì wo ni, ẹ jẹ́ ká mọ obìnrin náà.

Àbẹ̀ẹ́kẹ́ kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe abọrẹ̀, kì í ṣe ìyálóde. Láfún ló ń ṣe. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni, opó ni, tó bá sì di ọ̀sán Jímọ́ọ̀, ẹ ó bá a ní mọ́ṣáláṣí láàrin àwọn obìnrin ẹlẹ́gbẹ́ àsàlátù rẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàrin rẹ̀ àti ara wọn. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀ o. Òórùn ni.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ láfún á mọ ohun tí à ń wí. Wọn á bó ẹ̀gẹ́, wọn á rẹ ẹ́ sínú kòtò etí odò fún ọjọ́ mẹ́rin títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan, wọn á fún omi rẹ̀ dànù, wọn á wá sá a sórí àpáta kí oòrùn ṣe tirẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, bí igúnnugún bá ń fò bọ̀ lókè kòtò Àbẹ̀ẹ́kẹ́, á kọ́kọ́ dúró, á bi ara rẹ̀ pé ṣé ebi yìí tó bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí láfún yẹn gbẹ, kí wọ́n lọ̀ ọ́ tán, funfun rẹ̀ á máa ta èèyàn lójú bí aṣọ ìyàwó. Ọmọ mẹ́rin ni Àbẹ̀ẹ́kẹ́ fi iṣẹ́ yìí tọ́, ọkọ rẹ̀ kò sì fi ju sálúbàtà kan àti àdúrà sílẹ̀ lọ. Àbíkẹ́yìn wọn, Dọlápọ̀sí, kàwé mẹ́wàá jáde, ó kọ́ iṣẹ́ taípíìsì ní Òṣogbo, ó sì ti ń wá iṣẹ́ láti ọdún méjì sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ á máa taípù lórí itan ara rẹ̀ tó bá jókòó.

Gbogbo èyí, orí òkúta kan ló dúró lé. Àpáta Pẹrẹsẹ ni wọ́n ń pè é. Etí odò Erinlẹ̀ ló wà, ó fẹ̀ tó pápá ìṣeré, ó tẹ́ bí ẹní, oòrùn kì í sì í kúrò lórí rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn oníláfún Ìlobù ní apá ìlà-oòrùn, àwọn ti Ìfọ́n ní apá ìwọ̀-oòrùn, àárín sì jẹ́ ti ìjà. Láfún tí wọ́n bá sá sórí ilẹ̀, yanrìn á wọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n bá sá sórí tapólì, á bu. Orí àpáta nìkan ló ti ń gbẹ lọ́jọ́ méjì tí yóò sì mọ́. Kí wọ́n gba Àpáta Pẹrẹsẹ lọ́wọ́ Àbẹ̀ẹ́kẹ́, kí wọ́n sì gé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ọgbọọgba ni.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Omídùn kọ̀wé láti Èkó. Tíṣà Abọ́dúnrìn, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè, ló ka ìwé náà sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn ní gbọ̀ngàn ìlú. Ará Ìlobù wà níbẹ̀, ará Ìfọ́n wà níbẹ̀, nítorí odò kan náà ni gbogbo wọn ń mu. Tíṣà wọ awò ojú, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wá kà á pé wọ́n fẹ́ kọ́ ibùdó ìgbafẹ́ sí etí Erinlẹ̀: ogún ilé àlejò, ọkọ̀ ojú omi, ibi tí wọ́n ti ń jókòó wo odò, àti adágún tí wọn yóò máa lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

Ẹnìkan nawọ́ sókè. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n fẹ́ gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sí etí odò? Kí ni odò ṣe?"

"Odò ti àwa tálákà ni," ni ẹlòmíràn fọ̀ láti ẹ̀yìn. "Ìwọ máa lúwẹ̀ẹ́ ẹ níbẹ̀ lọ."

Tíṣà tún kà á pé wọn yóò da ọ̀dà sójú ọ̀nà, wọn yóò fa iná wọlé, wọn yóò sì gba ogójì ọ̀dọ́ síṣẹ́. Bó ti ní ogójì, gbọ̀ngàn gbọ́ ogóje. Nígbà tí wọ́n fi máa délé, ó ti di pé ọ̀dọ́ tí kò bá gba iṣẹ́ níbẹ̀, sójà ni yóò wá fà á lọ síbi iṣẹ́. Dọlápọ̀sí ti lọ aṣọ tí yóò wọ̀ lọ fún ìdánwò ẹnu, kò sì tíì sí ẹni tó pè é.

Àwọn kan kò pariwo ayọ̀. Baba Awóbọ̀dé, tí ilé wọn ti ń bọ Erinlẹ̀ láti ayébáyé, rọra dìde. "Ìbú tí a ti ń pọn omi, tí a ti ń ṣa ọta ìbọ, ṣé a ó máa ra tíkẹ́ẹ̀tì kí a tó lè kí baba wa ni?" Tíṣà ní wọn yóò jíròrò rẹ̀. Baba náà ní ohun tí wọ́n ṣì máa jíròrò, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán nìyẹn.

Àbẹ̀ẹ́kẹ́ náà dìde. "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àpáta Pẹrẹsẹ ńkọ́?"

"Ìyá Dọlápọ̀sí, èèkàn ló máa sọ. Ohun tó bá bọ́ sínú èèkàn awọnlẹ̀, ti ilé-iṣẹ́ ni. Ohun tó bá wà lẹ́yìn èèkàn, ti ìlú ni."

Àbẹ̀ẹ́kẹ́ jókòó. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí oúnjẹ tó dùn lẹ́nu rẹ̀. Dọlápọ̀sí rí i, ó sì kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Òkúta ni, kì í ṣe ọmọ."

"Òkúta yẹn ló bí ẹ, Dọlápọ̀sí," ni ìyá rẹ̀ wí. "Èmi kàn pọ̀n ẹ́ ni."

Ìgbà tó di oṣù kejì, ilé-iṣẹ́ gba awọnlẹ̀ kan ní Òṣogbo, Ọ̀gbẹ́ni Ọlábánjí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kẹ́ bàtà ju ẹsẹ̀ inú rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́rú, ó rán àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ síwájú láti lọ ri èèkàn sí etí odò. Wọ́n so àkísà pupa mọ́ orí èèkàn kọ̀ọ̀kan kí ojú ẹ̀rọ lè rí i lókèèrè. Wọ́n rì í títí dé ẹ̀gbẹ́ Àpáta Pẹrẹsẹ, oòrùn pa wọ́n, wọ́n wọkọ̀ padà sí Òṣogbo, wọ́n ní ó di ọ̀la.

Ẹni tó rán wọn kò mọ irú ìlú tó rán wọn lọ. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá fi nǹkan sílẹ̀ tí kò fẹ́ kí ọwọ́ kàn án, ìbáà ṣe igi ìdáná, ìbáà ṣe ebè iṣu, á fi ààlè lé e: àkísà, ṣùkù àgbàdo, bàtà tó ti já. Ààlè kì í sọ̀rọ̀, gbogbo ayé ló sì ń gbọ́ ohun tó ń wí. Olè tó gbé ewúrẹ́ lánàá, tó gbé adìẹ lónìí, kó rí ṣùkù àgbàdo lórí ìdì igi, á kí i, á yà lọ́nà.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn oníláfún dé odò ní ọ̀sán ọjọ́rú, wọn kò rí èèkàn. Ààlè ni wọ́n rí.

"Àbẹ̀ẹ́kẹ́!" Mùtíátù ló ké. Oníláfún Ìfọ́n ni, ọ̀rẹ́ Àbẹ̀ẹ́kẹ́ ni láti ọgbọ̀n ọdún, òun náà sì ni ẹni tí wọ́n jọ máa ń jà sí àárín àpáta. "Àbẹ̀ẹ́kẹ́, ọmọ Ìlobù, jáde wá wo nǹkan! Ta ló pààlè fún odò?"

"Ààlè kí ni?"

"Mo ti ka mẹ́rìnlá, ojú ń fọ́ mi. Láti ibi ìdí àràbà títí débí. Ẹnìkan ti ra Erinlẹ̀ láti òkè délẹ̀, kò sọ fún wa."

Kò sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ láti fa ọ̀kan tu. Kò sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ láti kọjá láàrin méjì. Àwọn obìnrin mẹ́sàn-án gba inú ẹ̀gún yí ká kí wọ́n tó dé orí àpáta tí wọ́n ti ń tẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ fọ imú. Àbẹ̀ẹ́kẹ́ dúró, ó fọwọ́ lẹ́rán. Láfún rẹ̀ tútù wà nínú agbọ̀n, ọjọ́ yẹn gan-an ni yóò sá a.

"Ẹni tí kò mọ odò, tó fi ààlè lé e, mo ti gbọ́ tirẹ̀," ló wí. "Òun náà máa gbọ́ tèmi."

Ó padà délé, ó já kọ́tìnnì pupa ojú fèrèsé pálọ̀ rẹ̀, ó fà á ya sí mẹ́ta. Ó gé ọ̀pá mẹ́ta. Ó rì wọ́n sẹ́yìn àpáta ní ìhà ilẹ̀, ó so aṣọ mọ́ wọn, ó fi ṣùkù àgbàdo sí méjì, ó sì fi bàtà rọ́bà rẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ kọ́ ẹ̀kẹta lọ́rùn. Mùtíátù wò ó láti òkè délẹ̀.

"O ò bá má wulẹ̀ so aṣọ mọ́ ọn," ló ní. "Bàtà yìí nìkan tó. Mo mọ ẹsẹ̀ tó ń wọ̀ ọ́."

"Ìwọ gan-an ni mo pààlè dè, kí o má baà jí láfún mi."

"Èmi? Láfún ìdọ̀tí yìí? Allah má jẹ̀ẹ́!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sá láfún wọn, wọ́n lọ sílé. Ààlè wá dojú kọ ààlè létí odò: ti awọnlẹ̀ mẹ́rìnlá, ti Àbẹ̀ẹ́kẹ́ mẹ́ta.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ọlábánjí dé pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ àná kò tẹ̀ lé e, ó wá gba Gàfárù, ọmọkùnrin Ìfọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà, kó máa bá òun di ọ̀pá ìwọnlẹ̀ mú. Ọlábánjí fi ojú kan sẹ́nu ẹ̀rọ, ó wo ọ̀kánkán. Lẹ́yìn àpáta, ó rí pupa mẹ́ta tó tò gbọọrọ.

"Àwọn ọmọ yìí tilẹ̀ ṣiṣẹ́," ló wí. "Wọ́n ti ri èèkàn kọjá àpáta." Ó ṣe ìṣirò rẹ̀, ó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé. "Gàfárù, lọ dúró ti èyí tó wà lápá ọ̀tún."

Gàfárù lọ. Ó dé ibẹ̀, ó dúró. Ó padà.

"Kí ló dé?"

"Ọ̀gá, èèkàn kọ́ nìyẹn."

"Kí ni?"

"Ó wọ bàtà."

Ọlábánjí gbé ojú kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ. "Irú èèkàn wo ló ń wọ bàtà?"

"Ohun tí èmi náà ń wí nìyẹn, ọ̀gá. Èèkàn kì í wọ bàtà. Ààlè ni."

"Gàfárù, o kàwé?"

"Mo kà á, sà. Kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ wa."

"Kọjá níbẹ̀, mo ní!"

"Ẹ kọ́kọ́ kọjá kí n rí yín, sà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé jù."

Ìbínú mú Ọlábánjí. Ó gbé ẹ̀rọ lé èjìká, ó rìn gbundu-gbundu lọ síbi ààlè láti fi han ọmọ yìí pé àkísà kò ní eyín. Kò wo ilẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù wà nílẹ̀ níbi tí àwọn obìnrin ti ń bó o, ó sì ń yọ̀ ju ọṣẹ lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ sí Ìlobù, ẹsẹ̀ òsì lọ sí Ìfọ́n, Ọlábánjí fúnra rẹ̀ sì lọ sínú kòtò ẹ̀gẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́rin, tòun ti ẹ̀rọ. Ó rì torí tọrùn. Nígbà tó yọrí, láti irun títí dé bẹ́líìtì, ó funfun báláú, ó wá lanu ké bí ọmọ tuntun: "Yéè, ìyá mi o!"

Gàfárù sọ ọ̀pá nù. Eré tó sá lọ́jọ́ náà, àwọn tó rí i ní bí wọ́n bá sọ àgbàdo sí ẹ̀yìn rẹ̀, á ti hù kó tó dé títì. Kò sì parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó rí ló wí: pé ọ̀gá òun dúdú wọ inú kòtò, òyìnbó kan ló jáde.

Àbẹ̀ẹ́kẹ́ àti Mùtíátù, tí wọ́n ń fọ agbọ̀n lókè odò, ni wọ́n sáré wá fà á jáde. Wọ́n fi omi rọ̀ ọ́ lára. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀, ó kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àbẹ̀ẹ́kẹ́ fi ìborùn rẹ̀ dì í, wọ́n sì gbé e sórí ọ̀kadà kan tó ń bọ̀ láti oko. Ẹ̀gẹ́ ti dí ojú ẹ̀rọ pa. Ìwé rẹ̀ nìkan ni Ọlábánjí ń béèrè. "Ìyá, àwọn èèkàn tó wà lẹ́yìn àpáta yẹn, mo ti kọ wọ́n sílẹ̀," ló ń wí, eyín rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti kọ wọ́n sílẹ̀."

Àbẹ̀ẹ́kẹ́ la ẹnu. Ó tún pa á dé. Ọ̀kadà lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, àwòrán ilẹ̀ dé. Tíṣà Abọ́dúnrìn tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi bírò tọ ìlà náà. Ìlà bá etí odò bọ̀, ó dé ẹ̀gbẹ́ Àpáta Pẹrẹsẹ, ó wá ṣẹ́rí bí ẹni tó rí oníjà, ó gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Àpáta wà níta! Àwọn oníláfún jó títí gèlè fi bọ́ lórí Mùtíátù. Ìlobù gbé orúkọ Àbẹ̀ẹ́kẹ́ sókè, Ìfọ́n gbà á lẹ́nu wọn. Wọ́n ní obìnrin tó fi tòbí lé awọnlẹ̀ mẹ́tàdínlógún padà kì í ṣe obìnrin lásán.

Ìyìn kì í mọ níwọ̀n. Kí oṣù tó parí, ẹnìkan ti wá bẹ̀ ẹ́ kó bá wọn pààlè fún tiransifọ́mà àdúgbò kó má baà jó mọ́. Ìyá ọkọ kan ní kó bá òun so ọ̀kan mọ́ ẹnu ìyàwó ọmọ òun, èyí tó kéré nìkan, kì í ṣe èyí tó ń yí ẹsẹ̀ padà. Nínú bọ́ọ̀sì, èrò mẹ́rin á dìde fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á wá nìkan jókòó lórí àga bí ọba. Ní mọ́ṣáláṣí, àyè tó wà láàrin rẹ̀ àtàwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ti tó ohun tí wọ́n lè kọ́ ilé sí.

Lọ́jà ni ó ti wá dùn ún. Àwọn oníbàárà rẹ̀ láti ogún ọdún á kúnlẹ̀ kí i láti ọ̀nà jíjìn, "Ẹ kú ọjà o, ìyá wa," wọn á rìn kọjá, wọn á lọ ra láfún ẹlòmíràn. Ta ni yóò ro ọkà láfún tí wọ́n sá sábẹ́ irú aṣọ bẹ́ẹ̀? Láfún rẹ̀ funfun, ó gbẹ, ó dúró. Kòkòrò nìkan ló ń tọ́ ọ wò, kò sì bẹ̀rù ohunkóhun.

Ìwé mìíràn wá ti Èkó dé. Omídùn ní àwọn ti gbọ́ pé nǹkan àbàmì wà létí odò yìí. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá yé àwọn dáadáa lọ́sẹ̀ méjì, àwọn yóò wá odò mìíràn lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti lọ aṣọ sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo Àbẹ̀ẹ́kẹ́ bí ẹni tó gbé àwo oúnjẹ kúrò níwájú wọn. Dọlápọ̀sí kò bá a jà. Ó kàn ń ká aṣọ tó lọ̀ náà, ó ń fi í sísàlẹ̀ àpótí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló pa ìyá rẹ̀ lára.

Ó tọ Mùtíátù lọ lórí àpáta, ó jẹ́wọ́ ohun tó ń jẹ ẹ́ nínú. "Mùtíátù, ọ̀pá mẹ́ta tó kọ sílẹ̀ yẹn, tèmi ni. Ó rò pé tòun ni. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọn á wá tún un wọ̀n, àpáta lọ. Bí n kò bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ọmọ mi lọ, orúkọ mi lọ, láfún ń bẹ nílẹ̀."

"Láfún tí ẹnikẹ́ni kò rà, kí lo fẹ́ fi àpáta ṣe?" ni Mùtíátù wí. "O fẹ́ fi ṣe ìrọ̀rí?"

"Tìẹ náà ni àpáta yìí o. Àtẹ̀yin ará Ìfọ́n."

Mùtíátù fi ọwọ́ tú láfún iwájú rẹ̀ ká. "Mo mọ̀. Lọ sọ̀rọ̀. Èmi á jókòó tì ẹ́. Kí ẹnìkan ṣoṣo ṣáà jókòó tì ẹ́ láyé yìí."

Lọ́jọ́ tí ìlú pe ìpàdé lórí ìwé náà, gbọ̀ngàn kún títí àwọn kan fi jókòó sójú fèrèsé. Ọlábánjí ni ilé-iṣẹ́ rán wá. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé, ó jókòó síbi tó ti rí ẹnu ọ̀nà dáadáa. Ó ní wọ́n bi òun ní Èkó pé ṣé òun lè padà sí odò náà láti parí iṣẹ́. "Mo sọ òtítọ́ fún wọn. Mo ní n kò ní í padà síbẹ̀ àfi bí mo bá mọ ohun tó mú mi lẹ́sẹ̀."

Àbẹ̀ẹ́kẹ́ dìde. Ó di èjìká Mùtíátù mú.

"Ọ̀gá awọnlẹ̀, ẹ kú ewu. Èèpo ẹ̀gẹ́ ló mú yín lẹ́sẹ̀."

"Èèpo kí ni?"

"Ẹ̀gẹ́. Èmi ni mo bó o, n kò sì gbá a. Ẹ forí jì mí ní tìyẹn. Aṣọ tí ẹ rí, tòbí kọ́. Kọ́tìnnì ni. Ojú fèrèsé mi ṣí sílẹ̀ báyìí, ẹ lọ wò ó. Ìgbà tí mo rí àkísà pupa yín, mo rò pé ẹnìkan ń pààlè fún odò. Èmi náà bá pa tèmi. N kò ṣépè, n kò pọfọ̀. Wọn kò tilẹ̀ fi irú ẹ̀ kọ́ mi ní ilé wa."

Baba Awóbọ̀dé gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Òótọ́ ló sọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń pariwo, mo ti ń wí pé kì í ṣe iṣẹ́ ilé wa. Erinlẹ̀ kò rán kọ́tìnnì níṣẹ́ rí."

Ẹ̀rín bẹ́ lójú fèrèsé, ó tàn dé iwájú. Ṣùgbọ́n Àbẹ̀ẹ́kẹ́ kò tíì jókòó.

"Ó ku ọ̀kan. Ọ̀pá mẹ́ta tí ẹ kọ sínú ìwé yín, ọ̀pá tèmi ni, kì í ṣe èèkàn yín. Nítorí wọn ni ìlà yín fi ṣẹ́rí. Mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ náà, mo sì dákẹ́, torí àpáta yẹn ni gbogbo ohun tí mo ní. Ní báyìí, ẹ ti gbọ́. Ẹ lọ tún un wọ̀n."

Ẹ̀rín gbẹ. Àwọn oníláfún mẹ́jọ yòókù kọ ojú sílẹ̀. Ọlábánjí wo àwòrán ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù igi sílẹ̀.

"Èèpo ẹ̀gẹ́," ló wí. "Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé ìyàwó mi kò jẹ́ kí n wọ yàrá láti ọjọ́ yẹn? Ó ní bí ó bá jẹ́ èyí tó ń ràn ńkọ́. Mo ti gba ìwòsàn lọ́wọ́ dókítà, lọ́wọ́ wòlíì, lọ́wọ́ àfáà. Èèpo ẹ̀gẹ́!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tó rí èémí, ó béèrè pé, "Ìyá, àpáta yẹn, tí òjò bá dé, ibo ni omi ń dé lórí rẹ̀?"

"Orúnkún. Lọ́dọọdún. Oṣù méjì gbáko ni a kì í fi í débẹ̀."

"Kò sí ẹni tó sọ ìyẹn fún mi." Ó fi ìka tẹ àwòrán. "Ilé mẹ́fà ni wọ́n fẹ́ tò síbẹ̀ kí ìlà tó ṣẹ́rí. Omi ì bá kó wọn lọ, orúkọ mi ni wọn ì bá sì pè. Ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà. Ibi tí ẹ ri ọ̀pá yín sí ló tọ́. Ilé yóò lọ sí òkè odò, lẹ́yìn ibi tí odò ti ṣẹ́rí, níbi tí atẹ́gùn kì í ti gbé òórùn yín dé. Mo ti wọ inú òórùn yẹn rí. Kò sí àlejò tó máa fẹ́ jókòó tì í."

"Àti ìbú wa?" ni Baba Awóbọ̀dé bi í.

"Èmi kò kọjú ìjà sí ìbú yín o, bàbá. Ẹ fi ọ̀nà ibẹ̀ hàn mí, n ó fi sílẹ̀ fún yín nínú àwòrán. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló kù fún mi."

Ariwo tó sọ nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ní àwọn adìẹ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun fò sórí igi. Mùtíátù fa Àbẹ̀ẹ́kẹ́ jókòó, ó gbá a lẹ́yìn bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́nà ọ̀fun. Dọlápọ̀sí gba àárín èrò kọjá, ó wá kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀. Bóyá Omídùn yóò kọ́lé, bóyá kò ní í kọ́, ti Èkó ni. Ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kìn-ín-ní, Àbẹ̀ẹ́kẹ́ rántí pé ebi ń pa òun.

Tíṣà Abọ́dúnrìn lu tábìlì. Ó ní kí wọ́n farabalẹ̀, kí òun ka àkọsílẹ̀ ìpàdé kí gbogbo ilé lè fọwọ́ sí i. Ó gbé awò sójú. "Lẹ́yìn èyí, Ìyá Dọlápọ̀sí dìde, ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ó sì fi omijé bẹ ọ̀gá awọnlẹ̀ kó ṣàánú òun nípa ti àpáta náà…"

"Tíṣà, ẹ dúró níbẹ̀."

Àbẹ̀ẹ́kẹ́ ti dìde. Ó gba àárín àwọn ìjòyè kọjá, ó lọ dúró ti tábìlì. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó fi ìka sórí ìwé náà bí ẹni tó rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀.

"N kò jẹ́wọ́. Mo ṣàlàyé ni. N kò bẹ̀bẹ̀. Mo ní kí wọ́n lọ tún un wọ̀n. N kò sì sunkún, ẹ wo ojú mi."

"Ìyá Dọlápọ̀sí, bí wọ́n ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ ni."

"Ẹ pa á rẹ́, sà. Ẹ kọ ọ́ pé Àbẹ̀ẹ́kẹ́ oníláfún sọ ohun tó ṣe, wọ́n sì gbọ́."

Tíṣà wò ó, ó wo gbọ̀ngàn, ó ṣí ìdérí bírò. Àbẹ̀ẹ́kẹ́ kò kúrò níbẹ̀ títí ó fi kọ ọ́ tán.